Iye Tí Burl Kessinger Fi Lé Ìbọn Sẹ́bíà

Kò sí ẹni nínú àwa tó ń ta ìbọn ogun àtijọ́ ní Ohio tí kò mọ ìtàn ọkùnrin tó fẹ́ ra ìbọn Fíńláńdì lọ́wọ́ olóògbé Burl Kessinger. Ọkùnrin náà béèrè iye rẹ̀, Burl ní igba dọ́là.

"Ó dáa. Màá rẹ́ igi iwájú ẹ̀ dànù, kó lè fúyẹ́ fún ọdẹ àgbọ̀nrín."

"Irinwó."

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní igba ni!"

"O ò tíì la ẹnu ẹ nígbà yẹn."

"Ohun tí mo bá fowó mi rà, ṣé mi ò ní í ṣe é bó ṣe wù mí ni?"

"Ẹgbẹ̀ta. Ṣé kí n máa gòkè lọ?"

Ọkùnrin náà fọwọ́ bo ẹnu, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Burl kì í fi ìbọn ogun ṣeré. Ó ní ọgbẹ́ àti ẹ̀gbin ara igi rẹ̀ ni ẹ̀rí ogun tó jà. Ẹni tó bá fi sáńpépà pa á rẹ́ ti gé e láhọ́n, iye rẹ̀ sì ti wó. Ó máa ń yangàn pé òun lè dijú gbóòórùn ìbọn, kí òun sì dárúkọ orílẹ̀-èdè tó ti wá. Lọ́jọ́ kan, Harlan, tí tábìlì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ lọ́jà, fi igi ìgbálẹ̀ sí i lọ́wọ́. Burl dijú, ó fimú fà á.

"Ilé Harlan lèyí ti wá. Ìyàwó ẹ̀ ló ń fi í jagun, ó sì ń ṣẹ́gun dáadáa."

Ìbọn tó fẹ́ràn jù ni ti Sẹ́bíà kan, tí òǹtẹ̀ ìjọba àti orúkọ ológun tó lò ó ṣì wà lára igi rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó rí i rà. Ẹni tí kò sì fẹ́ràn rárá ni Lyle, ọkọ Marlys, ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Marlys ti kìlọ̀ fún un: "Dádì, bí ẹ bá tún dójú ti ọkọ mi, ẹ ò ní í rí èmi náà mọ́."

Nígbà tí orúnkún gbé Burl dé ọsíbítù, Lyle rò ó pé òun á wá ojúure àna òun. Ó gbé ìbọn Sẹ́bíà, ó fi sáńpépà họ ọ́, ó fi fánísì kùn ún, ó ń dán gbinrin. Òǹtẹ̀ lọ, orúkọ lọ.

Harlan ló gbé Burl wálé. Nígbà tí òun pàápàá rí ìbọn náà, ó di ilẹ̀kùn mú.

"Ta ló ṣe èyí?" Burl béèrè.

"Èmi ni, sà. Ó dọ̀tí gan-an ni." Gbogbo ìka Lyle ló ti bó.

Burl wo ìka náà, ó wo ojú Marlys.

"O kú iṣẹ́, Lyle. O ṣe é tọkàntọkàn."

Ní Sátidé, ó gbé e sí àárín tábìlì lọ́jà, ó sì fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún dọ́là lé e. Harlan fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Burl, ṣé orí ẹ pé? Ìbọn yìí ò tó ọgọ́rùn-ún mọ́!"

"Ìbọn Sẹ́bíà ni ò tó o. Ti àna mi lèyí, kan ṣoṣo ló sì wà láyé." Ó gbóhùn sókè kí Lyle lè gbọ́: "Ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ mi o!"

Ẹnikẹ́ni ò rà á títí Burl fi kú. Nígbà tí a sin ín tán, tí a ń jẹun, Harlan sọ òtítọ́ fún Lyle, ẹni tó ti ń fi ìbọn náà ṣe fọ́ńté láti ọjọ́ yìí wá, pé sáńpépà rẹ̀ ló bà á jẹ́. Lyle rẹ́rìn-ín títí, kó tó gbé orí lé tábìlì.

"Bàbá mi," ó ní. "Ó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó wọ́n ni, kí ẹnì kankan má bàa gbé e lọ."

Ó ń sunkún ní gbangba, kò tijú, àwa náà ò sì ní kó dákẹ́.