Ìyá Aláta Kò Tíì Dé

Kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ lójú mi mọ́ pé ẹni tó bá jọni ló yẹ kéèyàn fẹ́. Mo ti gbọ́ ọ tó. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá mi, mo gbọ́ ọ lẹ́nu àfáà tó so yìgì wa, mo sì gbọ́ ọ lẹ́nu gbogbo obìnrin tí a jọ ń bó ẹ̀gẹ́ ládùúgbò Alájùẹ lọ́dún tí mo fẹ́ relé ọkọ. Wọ́n ní èmi àti ọkùnrin náà jọra bí igbá tí wọ́n là sí méjì. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ohun tó sì ń bí mi nínú títí di òní nìyẹn.

Ìdílé tó ń yan gaàrí ni wọ́n bí mi sí, ìdílé tó ń yan gaàrí ni wọ́n bí òun náà sí. Ilé kéwú kan náà la lọ nínú ìlú Ẹdẹ, ẹní kan náà la jókòó lé, pàṣán kan náà ló nà wá. Ọjọ́ orí wa dọ́gba, ìwọ la sì ń pe ara wa títí a fi fẹ́ra. Tí ẹnìkan bá fi ọ̀rọ̀ gún mi, mi ò ní bá a jà. Màá kàn pa ẹnu dé ni, màá gbé ojú kúrò lára rẹ̀, ó di ọjọ́ tó bá wá bẹ̀ mí. Òun náà bẹ́ẹ̀. Nílé kéwú, a máa ń fi í yangàn síra wa, a ó máa ka iye ọ̀rẹ́ tí a ti bá yan odì, ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù ni ọ̀gá. Mo wá rò ó lọ́kàn mi pé ọkùnrin tó mọ bí odì ṣe ń dunni tó kò ní bá mi yan odì láéláé. Ọgbọ́n ọmọ ọdún mọ́kànlélógún nìyẹn, mo sì fi ọgbọ́n náà relé ọkọ.

Kí n tó relé ọkọ, ẹnìkan wà tí kò fi nǹkan kan jọ mí. Ọmọ Èkìtì ni, Kìrìsìtẹ́nì, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé yunifásítì, ọ̀dọ̀ mi ló ti ń ra gaàrí. Ó máa ń rẹ́rìn-ín láìnídìí, àwọn ará ilé wa sì máa ń sín in jẹ tó bá ti ń sọ̀rọ̀ bí ará ìlú rẹ̀. Nígbà kan mo ta gaàrí oníyanrìn fún un. Mo mọ̀ pé yanrìn wà nínú rẹ̀. Ó padà wá lọ́jọ́ kejì, mo ti gbára dì fún ìjà, ó wá ní, “Ẹ má bínú o, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú àpò mi ni yanrìn náà ti wá.” Mo fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ọkùnrin tó lè bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ tí èmi ṣẹ̀, irú ọkùnrin wo nìyẹn? Nígbà tó sọ pé òun fẹ́ fẹ́ mi, mo ní a ò jọra. Ó ní, “Ìdí tí mo fi wá gan-an nìyẹn.” Mo rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn, mo sì wọn gaàrí rẹ̀ fún un.

Mi ò lè purọ́, ọdún méjì àkọ́kọ́ pẹ̀lú ọkọ mi dùn. A bí ọmọbìnrin kan. Ọkọ mi ló ń bójú tó ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́ níwájú ilé, èmi wà nídìí agbada lẹ́yìnkùlé. Ohun tí mo bá fẹ́ sọ ni yóò ti sọ, oúnjẹ tí mo bá ń rò lọ́kàn ni yóò ní kí n sè. Wọ́n ń fi wá ṣe àpèjúwe fún àwọn tó ń ṣègbéyàwó lẹ́yìn wa, mo sì ń gbé imú sókè.

Ìgbà tó yá, ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ṣẹlẹ̀. Ààwẹ̀ ku bí ọ̀sẹ̀ méjì, a jọ jáde lọ kí ẹni tó bímọ. Nígbà tí a padà dé, ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ṣí sílẹ̀ gbayawu, ewúrẹ́ ti jẹ ẹ̀gẹ́ tí mo jọ̀ sínú ọpọ́n, èyí tí wọn ò jẹ, wọ́n tọ̀ sí i. Ó ní èmi ni mo jáde kẹ́yìn. Mo ní òun ni. Ó ní kí n ṣáà gbà pé èmi ni, kí ọ̀rọ̀ náà tán. Mo ní kí òun gbà. Mo ti rò ó láìmọye ìgbà, mi ò sì mọ ẹni tó fi ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀ di òní. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ewúrẹ́ ló tì í. Ó pa ẹnu dé. Èmi náà pa ẹnu dé. Oṣù márùn-ún la fi pa á dé.

Ọmọ wa kò tíì lè jíṣẹ́, nítorí náà Ìyá Aláta la ń rán. Obìnrin kan tó ń ta ata ni, yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa. Màá dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, màá ní, “Ìyá Aláta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún bàbá ọmọ yìí pé omi ìwẹ̀ ti gbóná.” Bàbá ọmọ yìí wà lẹ́yìn mi, ó ń gbọ́. Ìyá Aláta á yíjú sí i, á ní, “Ó ní omi ti gbóná.” Òun náà á ní, “Ẹ bá mi sọ fún un pé mo gbọ́.” Báyìí la ṣe gbààwẹ̀ oṣù kan gbáko. Mò ń gbé oúnjẹ ìṣínu síwájú rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́, kò sẹ́ni tó kí ẹnì kejì kú ìṣínu. Mo gbà pé mò ń borí. Ó dá mi lójú pé òun náà gbà pé òun ń borí.

Nígbà tí Iléyá ń bọ̀, àwọn mọ̀lẹ́bí ní àwọn fẹ́ wá parí ìjà. A kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá, torí níbi tí wọ́n bá ti ń parí ìjà, wọ́n á dá ẹnìkan lẹ́bi, ẹni náà á sì kúnlẹ̀. Nítorí náà a jọ lọ sí yídì, a jọ rẹ́rìn-ín fún gbogbo wọn, wọ́n sì gbà pé ó ti tán. Láti ọjọ́ náà, Ìyá Aláta nìkan ló mọ òótọ́ ọ̀rọ̀ wa ládùúgbò. Òun náà ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bá ìyá ọkọ mi ní ìlú Àrá, ó ní iṣẹ́ tí a ń rán òun yìí ti sú òun.

Ìyá ọkọ mi fẹ́ràn mi. Ìyá yìí nìkan ni kò bá àwọn yòókù sọ ọ́ pé a jọra. Lọ́jọ́ tí mo wọlé ọkọ, wọ́n wo èmi, wọ́n wo ọmọ wọn, wọ́n ní, “Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ni yóò máa bẹ ìkejì?” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwàdà ni wọ́n ń ṣe.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan ni wọ́n pè mí lórí fóònù, mo wà nídìí agbada. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá wọn fà á fún bí ọdún kan, ohùn wọn ti rẹlẹ̀. Wọ́n ní, “Ìyàwó mi, ìwọ àti ọkọ ẹ, ẹ jọ wá bá mi lónìí. Ara mi ò yá. Ẹ jọ wá o. Tí ẹnìkan bá dá wá nínú yín, mi ò ní ṣílẹ̀kùn fún un.” Mo ní, “Ó dáa, Ìyá. À ń bọ̀.” Tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́.

Ohun tó kù kò ju kí n rìn láti ìdí agbada dé ìdí ẹ̀rọ, kí n sọ fún ọkọ mi pé ìyá rẹ̀ ń pè wá. Dípò ìyẹn, mo lọ kan ilẹ̀kùn Ìyá Aláta. Ó ti tì í pa. Mo wá rántí pé ó ti dágbére fún mi: ọmọ rẹ̀ bímọ sí Sẹ̀kọ̀nà, ó ń lọ wẹ ọmọ, ó ní òun á dé kí wọ́n tó kírun àlàásárì. Kò ní fóònù nígbà náà. Mi ò sì lè rán ẹlòmíràn ládùúgbò, torí a ti jẹ́ kí wọ́n gbà pé a ti parí ìjà. Mo ronú pé kí n kọ ọ́ sínú ìwé, mo tilẹ̀ wá bírò. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé ọwọ́ mi ni yóò wà lórí ìwé náà, yóò fi í pamọ́, yóò sì máa fi hàn mí lọ́jọ́ iwájú pé èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo ju bírò sílẹ̀. Mo ní kò burú, Ìyá Aláta ò ní pẹ́ dé.

Mo pa iná agbada. Mo wẹ̀, mo wẹ ọmọ, mo wọ aṣọ tó dáa, mo we gèlè, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ọkọ mi náà ti pa ẹ̀rọ, ọjọ́ kò sì tíì lọ. Ó wẹ̀, ó wọ jalabíà funfun rẹ̀, ó dé fìlà, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé. Inú bí mi. Mò ń sọ ọ́ lọ́kàn mi pé ibo lèyí ń lọ tó múra tó báyìí lọ́jọ́ tí ara ìyá rẹ̀ kò yá, ta ló ń retí? Láti bí àyílà la ti jókòó bẹ́ẹ̀. Tí ọ̀kadà kan bá ti dún lójú ọ̀nà, èmi á na ọrùn, òun náà á na ọrùn. Àlàásárì kọjá, Ìyá Aláta kò dé. Ọmọ bú sẹ́kún, mo rẹ̀ ẹ́ títí ó fi sùn. Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ lẹ́, ọkọ mi ṣí fìlà rẹ̀, èmi náà tú gèlè mi. Mo pe ìyá ọkọ mi kí n sọ fún wọn pé ọ̀la la ó wá. Wọn ò gbé e. Mo ní wọ́n ti sùn ni.

Ìyá Aláta dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ń ṣàlàyé pé ara ọmọ tuntun ni kò yá. Mi ò tíì rán an níṣẹ́ tán tí ọ̀kadà fi gbé àbúrò ìyá ọkọ mi dé, obìnrin tó ń tọ́jú wọn ní Àrá. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìkí ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni ìyá ọkọ mi kú.

Wọ́n sin wọ́n ní Àrá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Erùpẹ̀ kò tíì gbẹ lọ́wọ́ ọkọ mi nígbà tí àbúrò wọn pe àwa méjèèjì wọ inú yàrá. Ẹní méjì wà nílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n tẹ́ wọn ti ara wọn. Abọ́ ẹja kan wà níwájú wọn tí wọ́n dé. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ló ní kí òun tẹ́ ẹní náà dè wá, wọ́n sì ń bi òun títí ilẹ̀ fi ṣú pé ṣé a ti dé.

Ó ní, “Ojú mi ni wọ́n ṣe pè yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ta ló gbàgbé nínú yín?”

Kò sẹ́ni tó gbàgbé. Ọkọ mi yíjú sí mi, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti oṣù márùn-ún tó wò mí lójú.

“Wọ́n pè ọ́?”

“Wọ́n pè mí. Ìwọ náà?”

“Wọ́n pè mí. Ìyá Aláta ni mò ń dúró dè.”

Mo kórìíra rẹ̀ nínú yàrá yẹn ju bí mo ṣe kórìíra ẹnikẹ́ni rí lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ohun tó ṣe tí èmi náà kò ṣe. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé bí mo ṣe ń kórìíra rẹ̀ lòun náà ń kórìíra mi, a jọra nínú ìyẹn pẹ̀lú.

Lẹ́yìn ìyẹn, a lo ọdún kan sí i lábẹ́ òrùlé kan náà. A ń sọ̀rọ̀ nígbà náà o. Ó ń sọ pé èmi ni kò jẹ́ kí òun rí ìyá òun, mò ń sọ pé òun ni. Lọ́jọ́ tó kó ẹrù rẹ̀ padà sí Àrá, ó dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní láti jẹ́ pé ó ń retí kí n sọ nǹkan. Èmi náà ń retí kó sọ nǹkan.

Ẹ má sì wá sọ fún mi pé ọmọ Èkìtì yẹn ni ǹ bá fẹ́. Ó fẹ́ obìnrin kan tí kò fi nǹkan kan jọ ọ́, mo sì máa ń rí wọn lọ́jà. Obìnrin náà ń bú u, òun ń bẹ̀bẹ̀, ẹ̀rín ti tán lójú rẹ̀. Ká ní èmi ni mo fẹ́ ẹ, èmi ni ǹ bá máa bú u, mo mọ ara mi. Gaàrí ni mò ń yan títí di ìsinsìnyí, ẹ̀rọ tí ọkọ mi fi sílẹ̀ ni mo sì fi ń lọ ẹ̀gẹ́ mi. Mi ò tíì dárí jì í. Tí mo bá sọ pé mo ti dárí ji ara mi, irọ́ ni mò ń pa.

Lóṣù tó kọjá, ọmọ mi mú ọkùnrin kan wá kí mi. Ilé ìwé ni wọ́n ti pàdé, ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n ń kọ́, bí ọ̀kan bá sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ìkejì ló ń parí rẹ̀. Ọmọ mi ní, “Màámi, gbogbo èèyàn ló ń sọ pé a jọra.” Ara mi gbóná. Mi ò béèrè ilé tí wọ́n bí i sí, mi ò béèrè iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Mo ní, “Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ni yóò máa bẹ ìkejì?”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó wo ọmọ mi pé kó dáhùn. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín, ó wò ó pé kó dáhùn. Mo jókòó síwájú wọn, mò ń dúró, títí ẹ̀rín náà fi kúrò lójú àwọn méjèèjì.