Ilé Tí Wọ́n Ń Pa Fáànù Kí Wọ́n Tó Se Omi

Ẹni tó bá fẹ́ ra ilé, ọ̀dà ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fi hàn án. Wọ́n á kun ògiri títí á fi máa dán, wọ́n á fọ fèrèsé, wọ́n á ní kó wá wo bí afẹ́fẹ́ ṣe ń wọlé. Kò sẹ́ni tó máa ní kó wo ohun tó wà nínú ògiri. Àìmọye èèyàn ló ti fowó ara wọn ra wàhálà báyìí, tí wọ́n tún dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún wọn.

Aránṣọ kan wà tí ẹ ò lè ta irú ilé bẹ́ẹ̀ fún. Yẹ-Inú-Ẹ̀-Wò ni àwọn oníbàárà rẹ̀ ń pè é, nítorí bí ẹ bá gbé aṣọ wá, òdì rẹ̀ ni obìnrin yìí máa kọ́kọ́ wò kó tó wo ojú rẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹ ń kánjú, á ní kí ẹ máa kánjú lọ. Òun àti ìyá rẹ̀ ló jọ ń gbé lókè pátápátá nínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n háyà, ẹsẹ̀ ìyá náà kò sì gbé e mọ́. Bí wọ́n bá ń lọ sílé ìwòsàn, ọmọ ló ń pọn ìyá sọ̀kalẹ̀, òun náà ló sì ń pọ̀n ọ́n gòkè. Ilé ilẹ̀ kan péré ni aránṣọ ń fẹ́, níbi tí ìyá rẹ̀ á ti lè máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà wo títì. Ìdí tó fi ń ránṣọ láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló bá a rí ọ̀kan. Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n náà, tí wọ́n jọ wa ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ kan náà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, ló fẹ́ tà á. Yàrá mẹ́ta, ọ̀dà tuntun, ilẹ̀kùn tó fẹ̀. Bí aránṣọ ṣe wọlé báyìí, ó ti rí ibi tí àga ìyá rẹ̀ máa wà. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé láti wo òdì ohunkóhun.

Ìyàwó baba onílé ní òun á po tíì fún àlejò. Ó rọ omi sínú kẹ́tùlù, ó wá yọjú sí pálọ̀.

"Bàbá, ẹ pa fáànù ná."

Baba onílé nawọ́ sẹ́yìn láìwẹ̀yìn, ó pa fáànù, kò sì dá ọ̀rọ̀ tó ń sọ dúró. Ìyàwó pa iná ilé ìdáná, ó yọ fíríìjì, ìgbà yẹn ló tó tan kẹ́tùlù.

"Ẹ wo ìyàwó tó mọ ilé tọ́jú," ni ẹ̀gbọ́n aránṣọ wí. Ó rò pé wọ́n ń ṣọ́ iná lò ni.

Aránṣọ ò rẹ́rìn-ín. Ilé tí ara rẹ̀ bá dá kì í yan ohun tó máa gbé. Tọkọtaya yìí ti ń bá ilé wọn lò bí ẹni ń tọ́jú aláìsàn, ó sì ti pẹ́ débi pé wọn ò mọ̀ pé àwọn ń ṣe é mọ́.

"Ẹ ṣeun, sà," ló wí. "Màá mú oníná wá kó yẹ wáyà ilé wò kí n tó sanwó."

Baba onílé kọjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Ṣé àbúrò ẹ ń pè mí lólè ni?"

"Rárá o, má bínú." Ẹ̀gbọ́n fa àbúrò rẹ̀ sí kọ̀rọ̀. "Kí ló ń ṣe ẹ́? Ó pẹ́ tí mo ti mọ ọkùnrin yìí. Ṣé o fẹ́ dójú tì mí ni? Ẹlòmíì ń bọ̀ wá wo ilé yìí o."

"Bọ̀dá mi, mo mọ̀ pé ẹ mọ ọ̀rẹ́ yín. Ṣé ẹ mọ wáyà ẹ̀?"

"Ẹnu ẹ yìí!"

"Ẹnu mi ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi ni ìyá wa wà."

Àwọn ẹbí gbọ́, wọ́n dá sí i. Wọ́n ní aránṣọ ò gbọ́ ti àgbà, wọ́n ní ìfura rẹ̀ ti pọ̀ jù, wọ́n ní ilé á bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Èmi ò mọ ìgbà tí ìbéèrè di èébú. Ẹni tó ń ra bàtà á wọ̀ ọ́ wò, á fi rìn síwá sẹ́yìn, inú ẹnikẹ́ni ò ní bí; ilé tó máa sùn sí títí ayé ni wọ́n ní kó dijú rà. Ẹ̀rù ba aránṣọ, ẹ má jẹ́ ká parọ́, torí ilẹ̀kùn yẹn fẹ̀ lóòótọ́. Síbẹ̀ ó pe oníná, ó sì sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé bí wọn ò bá bá òun lọ, òun mọ ọ̀nà.

Ẹ̀gbọ́n bá a lọ, ó lejú koko. Oníná pa iná látinú àpótí iná tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó tú sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti dúdú. Ó gun inú àjà lọ, ó ní kí wọ́n wá wò ó: wáyà tín-ín-rín tí wọ́n so mọ́ra, tí wọ́n fi ọ̀rá wé lójú ibi tí wọ́n ti so ó, igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ti jó lápá kan.

"Gbogbo ẹ̀ la máa tú," ni oníná wí.

Baba onílé rẹ́rìn-ín. "Àtìgbà tá a ti ń gbébí, kí ló ṣe wá? Ká tiẹ̀ ní ó jó, ṣebí ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i."

"Ọba ní ẹni tó máa bá a gbé ìyá ẹ̀ jáde, sà. Èmi nìkan ni mo máa gbé tèmi." Aránṣọ ki fíríìjì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì pálọ̀, ó ki kẹ́tùlù sí i, ó tẹ súwíìṣì fáànù. "Tí nǹkan kan ò bá ṣe é, ẹ lọ taná láti àpótí yẹn. Kí gbogbo ẹ̀ máa ṣiṣẹ́ pọ̀, ká jókòó sábẹ́ ẹ̀, ká mu tíì."

Baba onílé rìn lọ síbi àpótí, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ má tàn án! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tàn án!"

Ìyàwó rẹ̀ ni. Ó ti dé àgbàlá, ẹsẹ̀ kan nínú sálúbàtà, èkejì lásán.

Ẹ̀gbọ́n aránṣọ tẹjú mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. "O mọ̀. O mọ̀, o sì fẹ́ kí n gbé ìyá mi wá síbí." Baba onílé ní òun á dín iye tóun pè é kù.

"A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, sà, bó ti wù kó dínwó tó," ni aránṣọ wí. "Ẹ tún un ṣe tán ká tó sọ̀rọ̀ owó. Ẹlòmíì tó ń bọ̀ náà, màá sọ fún un."

Ó padà sílé láìní ilé. Ìyá rẹ̀ bi í bóyá wọ́n ti rà á, ó ní rárá, ìyá náà sì kọjú sí ògiri. Ó dun aránṣọ débi pé ó sunkún lórí maṣíìnì, ó sì bínú sí ẹkún náà.

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó baba onílé wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pẹ̀lú báàgì aṣọ bí oníbàárà. Aránṣọ dìde.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ṣé wọ́n ti fẹ́ tún un ṣe ni?"

"Bàbá láwọn ò tún nǹkan kan ṣe. Wọ́n ní ẹni tí ò béèrè ìbéèrè máa tó rà á." Obìnrin náà gbé báàgì sílẹ̀. "Ẹ fún mi ní nọ́ńbà oníná yẹn."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ fẹ́ ra ilé, mà."

"Mo mọ̀. Èmi ni mò ń sùn síbẹ̀."