Apá Tó Ń Di Ògiri Mú

Ìgbà kẹta nìyí tí wọ́n fi àdúrà pa Adégbénró lẹ́nu mọ́. Injiníà ilé ni, Downtown, láàárín ìlú ńlá, ló ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo Sátidé rẹ̀ ló fi ń ya àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì tuntun tí ìjọ wọn fẹ́ kọ́ sí Suwanee, ìlú kékeré kan nílẹ̀ Òyìnbó tí wọ́n wà. Daddy Fọlábí, alága ìgbìmọ̀ ìkọ́lé, ló lọ sí ilẹ̀ Faransé tí wọ́n lọ rí kàtídírà Gótíìkì, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ayé àtijọ́, láti ìgbà náà wọn ò gbádùn mọ́. Wọ́n fẹ́ ẹnu ọ̀nà tí orí rẹ̀ ṣóńṣó. Wọ́n fẹ́ fèrèsé gíga onígíláàsì aláràbarà. Àjà ńkọ́? Bíríkì gidi ni kó jẹ́, kí egungun rẹ̀, àwọn ìlà bíríkì tó gbé e ró, pàdé lókè téńté. Adégbénró ya gbogbo rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n fi bírò pupa pa rẹ́: àwọn apá bíríkì tó nà láti ìta wá di ògiri mú.

"Parking ni yẹn máa jẹ," ni Daddy wí nípàdé wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Slot mọ́tò méjìlá!"

"Daddy, àjà yẹn wúwo, ńṣe ló ń ti ògiri síta. Tí kò bá sí apá yẹn, ògiri máa wó..."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Gbogbo ìgbìmọ̀ ta ìka yí orí ká.

"Má fi ẹnu ẹ pe ibi wá o," ni Aunty Joanna, akọ̀wé wọn, wí.

Inú bí Adégbénró. Ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn gan-an ni àwọn akọrin máa jókòó sí, Olúwanífẹ́mi ọmọ rẹ̀ sì wà lára wọn. Adégbénró fúnra rẹ̀ ló sì máa tẹ èdìdì injiníà lé àwòrán náà, èyí tí ìjọba máa rí kí wọ́n tó lè kọ́ ọ. Ẹni tó bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ló ń bá.

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde." Ó ní kí wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé tòun, kí àwọn jọ fara ti ara bí egungun àjà yẹn, kí ẹsẹ̀ àwọn sì máa sún sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Bàtà Daddy yọ̀ lórí táìlì.

"Adégbénró, mò ń ṣubú o!"

Aunty Joanna sáré wá, ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ di gìgísẹ̀ Daddy mú. Daddy dúró.

"Aunty, apá ògiri lẹ dúró fún yẹn," ni Adégbénró wí. "Slot mélòó lẹ jẹ?"

Daddy nu òógùn. "Ó yé mi, ọmọ mi. Ó yé mi gan-an. Ṣùgbọ́n slot méjìlá kì í ṣe kékeré. Ẹ jẹ́ ká fi síwájú Olúwa. Ẹ dijú."

Gbogbo wọn dijú. Adégbénró nìkan ni ò dì í. Ó ká àwòrán, ó fi èdìdì sápò, ó sì gba yàrá àwọn akọrin lọ.

"Daddy mi, rehearsal ò tíì parí o," ni Olúwanífẹ́mi wí.

"Mú báàgì ẹ," ni bàbá rẹ̀ dáhùn. Wọ́n ti wà nínú mọ́tò kí àwọn yẹn tó ṣe àmín.