Bí Ará Èkó Ṣe Gba Igbá Ẹmu Àkọ́kọ́ Lọ́wọ́ Mi

Ní àkókò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé wa kúrò lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí gbogbo ẹni tó bí ọmọ tó ka ìwé ń sáré lọ sí Adó nítorí iṣẹ́ ọ́fíìsì, èmi ti ní ipò tèmi ní Ìṣẹ́. Kì í ṣe ìjọba ló fi mí síbẹ̀. Èmi ni mo máa ń mu igbá ẹmu àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. A ní àtíbàbà kan lẹ́yìn ìlú, lójú ọ̀nà Òrùn, tí a fi imọ̀ ọ̀pẹ bò. Ní ọjọ́ Ìsinmi, tí ṣọ́ọ̀ṣì bá ti túká, tí iyán bá ti wọ inú, ibẹ̀ ni àwa bíi mẹ́fà ti máa ń pàdé. A kì í ṣe ọ̀mùtí o. Ohun tí ọ̀mùtí bá rí ló ń mu. Àwa ń tọ́ ọ wò ni. A lè fi odindi ọ̀sán jiyàn lórí bóyá ògùrọ̀ sàn ju ẹmu ọ̀pẹ lọ, tàbí bóyá ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí wọ́n fi àgbàdo funfun pọn dùn ju ti àgbàdo pupa lọ. Telọ̀ kan láti Ìkẹ̀rẹ́ wà láàrin wa tó gbà pé àgàdàgídí tí a fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ṣe nìkan ni ọtí tí Ọlọ́run mọ̀ sí. A máa ń sọ fún un pé kí ó gbé Ọlọ́run rẹ̀ padà sí Ìkẹ̀rẹ́.

Síbẹ̀, ẹmu ọ̀pẹ ni olórí. Adẹ́mu kan ṣoṣo ló ń gbé e wá fún wa, oko mẹ́ta ló sì ti ń dá a: oko kòkó lọ́nà Ẹmùré, etí odò lọ́nà Òrùn, àti orí àpáta lọ́nà Ìkẹ̀rẹ́. Àṣà wa ni pé adẹ́mu á kọ́kọ́ mu díẹ̀ lójú gbogbo wa, kí ọkàn wa balẹ̀ pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé igbá àkọ́kọ́ fún ẹni tí ahọ́n rẹ̀ mú jù. Yóò mu ún, yóò sì sọ oko tí ẹmu náà ti wá. Tó bá gbà á, ìjókòó ẹni àkọ́kọ́ ṣì jẹ́ tirẹ̀. Tó bá ṣì í, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ agbè ni yóò mu, ẹlòmíràn á sì bọ́ sí ìjókòó náà.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jókòó síbẹ̀, n kò ṣì í rí, èmi tí mo sá kúrò ní kíláàsì kẹrin nítorí ẹgba. Tísà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì wà láàrin wa, bí mo bá ti gbé igbá sẹ́nu báyìí, á dákẹ́ bí ọmọ iléèwé. Nígbà kan mo tọ́ ẹmu wò, mo ní, "Ẹni tó dá ẹmu yìí bá ìyàwó rẹ̀ jà lánàá." Adẹ́mu da ojú bolẹ̀. Òótọ́ ni. Òkìkí mi kan dé Ẹmùré. Wọ́n ní mo lè fi ahọ́n mọ orúkọ bàbá ẹni tó gbin ọ̀pẹ. Èmi kò jiyàn. N kò kúkú sọ fún wọn pé ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ilé adẹ́mu fi ẹ̀yìn kan ara wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, n ó sọ òótọ́ fún yín. Kì í ṣe ahọ́n mi rárá. Ewé ni. Adẹ́mu a máa fi ewé dí ẹnu agbè kí eṣinṣin má bàa bọ́ sínú rẹ̀, ohun tó bá sì wà nítòsí ló máa ń já. Tó bá ti oko kòkó wá, ewé kòkó ni. Tó bá ti etí odò wá, ewé gbòdògì ni. Orí àpáta kò ní ewé gidi, nítorí náà koríko bẹẹrẹ ló máa ń ká pọ̀ síbẹ̀. Èmi ni mo máa ń yọ ewé kúrò lẹ́nu agbè, mo ní ọwọ́ ẹni tó máa tọ́ ọ wò ló yẹ kó ṣí i. Gbogbo wọn gbà á bí ẹni gba ìwàásù.

Bẹ́ẹ̀ ni mo wà tí Ará Èkó fi dé.

Ọmọ Ìṣẹ́ ni, ó fi ọdún méjì kéré sí mi, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti lọ sí Èkó ni a kò ti gbúròó rẹ̀. Ó padà wálé, ó kọ́ ilé kékeré kan, ó sì wá kí wa ní àtíbàbà. Tísà bi í léèrè iṣẹ́ tó ṣe. Ó ní níbi tí wọ́n ti ń pọn bíà ni.

"O máa ń kó ìgò ni?" Èmi ni mo bi í bẹ́ẹ̀.

"Rárá, ẹ̀gbọ́n. Títọ́ ọ wò ni iṣẹ́ mi. Wọn kì í rọ ọ́ sígò àyàfi tí mo bá ní ó ti tó."

Wọ́n ń san owó oṣù fún ènìyàn láti máa mu ọtí. Ọjọ́ náà ni owú bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ mí, n kò sì ní purọ́ fún yín, kò tíì tán.

Ó mú kọ́ọ̀pù dígí tirẹ̀ wá. Tó bá bu ẹmu sí i, á gbé e sókè sí oòrùn, á wò ó, á fi imú fà á, á wá mu díẹ̀, á pa ojú dé. Á ní, "Ó kọ́kọ́ dùn bí oyin. Lẹ́yìn náà ó kan díẹ̀, bí ọsàn tí kò tíì pọ́n. Ó wá gbẹ ní ọ̀fun." Àwọn ọ̀rẹ́ mi yanu. Telọ̀ tí kì í mu nǹkan mìíràn ju àgàdàgídí lọ ní kí wọ́n bu tòun náà sínú dígí. Láàrin oṣù kan, wọ́n ti ń sọ nípa ọsàn àti oyin bí ẹni pé inú agbo ilé eléso ni wọ́n bí wọn sí. Tísà ra ìwé, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tèmi, ọdún mọ́kànlá, kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni pé bí mo bá ti sọ oko tán, wọ́n á yíjú sí i, á mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ti ń retí orí tirẹ̀ kí wọ́n tó gba ọ̀rọ̀ tèmi. Nígbà tó di Ọjọ́ Ìsinmi kan, Tísà ní kí Ará Èkó ṣíwájú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí a gbọ́ tẹnu rẹ̀.

N kò sùn dáadáa lọ́sẹ̀ náà. Mo ronú títí, mo sì rí ojú ọ̀rọ̀. Èmi tí mò ń wo ewé, mo gbà pé òun náà ń wo ewé ni. Kí ló tún lè jẹ́? Dígí àti imú fífà yẹn, ìbòjú ni. Èmi náà a máa pa ojú dé nígbà tèmi.

Ní ọjọ́ náà, adẹ́mu gbé agbè sílẹ̀ ní àtíbàbà, ó lọ wẹ̀ nílé bó ti máa ń ṣe. Mo ti wà nínú igbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Bẹẹrẹ ló wà lẹ́nu rẹ̀. Mo yọ ọ́, mo fi ewé gbòdògì tí mo ti já wá sí i, mo sì gba ẹ̀yìn lọ sílé. Mo tún padà wá pẹ̀lú àwọn tó kù, mo ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo ṣí agbè fúnra mi. Mo ju ewé gbòdògì sílẹ̀ gbọnrangandan níwájú Ará Èkó. Adẹ́mu mu tirẹ̀. Ará Èkó gba igbá àkọ́kọ́. Ẹ̀yin ará, igbá mi ni. Mo ń wo gògóńgò rẹ̀ bó ti ń lọ sókè sódò.

Kò tilẹ̀ wo ilẹ̀. Ó ní, "Ọ̀pẹ yìí kò rí omi mu tó. Ó le lẹ́nu. Orí àpáta ni."

Tísà gbé igbá fún mi. "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ rí sí i?"

Ẹ wò ó, mo mọ òtítọ́ ju gbogbo wọn lọ. Ká ní mo sọ pé orí àpáta ni, n kò ní mu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n gbè é lẹ́yìn? Mo fi ètè kan ẹmu náà, mo ní, "Etí odò. Ọmọdé pàápàá á mọ̀."

A bi adẹ́mu. Ó ní, "Orí àpáta ni. Àbúrò gbà á." Ó bẹ̀rẹ̀, ó he ewé nílẹ̀. "Ẹ dákẹ́ ná. Bẹẹrẹ ni mo fi dí agbè yìí. Ta ló ṣí i lẹ́yìn mi?"

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ṣí agbè adẹ́mu lẹ́yìn rẹ̀, wọn kì í rò pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Májèlé ni wọ́n máa ń rò. Adẹ́mu ti ki ìka bọ ọ̀fun kí n tó gbé ojú sókè.

Telọ̀ rọra gbé igbá tirẹ̀ jìnnà. "Èmi ò tíì mu o. Mo ní ulé tí mo fẹ́ẹ́ padà sí." Ó wá nawọ́ sí mi. "Òun náà kò mu. Ètè ló fi kàn án. Mo rí i."

Gbogbo wọn ń wò mí. Nínú kí wọ́n pè mí ní òpùrọ́ àti kí wọ́n pè mí ní apànìyàn, mo yan òpùrọ́. Mo sọ ti ewé kòkó, mo sọ ti gbòdògì, mo sọ ti bẹẹrẹ. Mo tilẹ̀ sọ ti ìyàwó adẹ́mu, tí ẹnikẹ́ni kò bi mí.

Tísà ní, "Ọdún mọ́kànlá."

Adẹ́mu nu ẹnu. "Ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Mu ún ká rí ọ."

Mo bu igbá kún, mo gbé e sẹ́nu. Telọ̀ ń wo ẹsẹ̀ mi bóyá ó ń gbọ̀n. Mo mu ún dé ìdajì, ọwọ́ kan sì gba igbá lẹ́nu mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù fún àbúrò yín." Ará Èkó ni. Kò dúró wò bóyá n ó ṣubú. Ó mu ìyókù tán, ó da igbá dojú dé. "Ẹmu ni. Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀." Ó wá yíjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín. "Èmi ò tiẹ̀ rí i pé ewé wà lẹ́nu rẹ̀."

Bó bá jẹ́ pé ó bú mi ni, ǹ bá rí ohun tí n ó fi kórìíra rẹ̀ dáadáa. Ó gbà mí sílẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ mi sì ń wò ó bí ẹni ń wo Gómìnà. Wọ́n rọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ fún mi, mo mu ún tán, n kò fajú ro.

Láti ọ̀sẹ̀ kejì, kò sí ẹni tó ṣe ìpàdé lórí rẹ̀, dígí rẹ̀ ni adẹ́mu ń kọ́kọ́ bu ẹmu sí. Èmi ni mo tẹ̀lé e. Igbá kejì kò burú, inú agbè kan náà ló ti wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tún mu igbá àkọ́kọ́ lọ́dún náà, nígbà tí ọmọbìnrin Ará Èkó bímọ lọ́hùn-ún tí òun sì lọ kí i. Ó dùn débi pé mo gbàdúrà kí táyà ọkọ̀ tí yóò gbé e bọ̀ jò lójú ọ̀nà. N kò bẹ Ọlọ́run fún jàǹbá o. Táyà nìkan, méjì bó bá ṣeé ṣe, kó lè jẹ́ pé Ọjọ́ Ajé ló máa wọlé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló dé, ó sì ra búrẹ́dì bọ̀ fún mi.