Ẹ̀wù Àrán tí Mo Rán fún Kọ̀ǹpútà

"Gbé e kúrò lórí fóòmù o! Ooru á pa á!" Igbe tí mo ké mọ́ ọmọ aládùúgbò wa lánàá nìyẹn, nígbà tí mo rí i tó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, tó ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ fara balẹ̀, kì í ṣe ọmọ ìkókó." Ẹ̀rín pa mí, torí mo rántí ìgbà tí mo fi kọ̀ǹpútà ṣe ọmọ ìkókó ní tòótọ́.

Ọmọbìnrin mi wà ní ọdún tó fẹ́ parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ nígbà náà, ó ń kọ́ bí a ṣe ń ya àwòrán ilé. Èmi ń ránṣọ ní Àgùdà. Àlòkù ni kọ̀ǹpútà tí a rà fún un, ẹ̀rù sì ń bà mí kó má lọ já bọ́. Ni mo bá rán ẹ̀wù àrán pupa fún un, mo tẹ́ òwú nípọn sáàárín, mo wọ̀n ọ́n dáadáa débi pé kò sí ihò kan lára rẹ̀ tí n kò bò, àfi ojú àti ibi ìtẹ̀wé. Mo kìlọ̀ fún ọmọ mi pé kò gbọdọ̀ bọ́ ọ, kódà bó bá ń ṣiṣẹ́.

Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná bí áyọ́ọ̀nù, ó sì máa ń kú láìròtẹ́lẹ̀. Àwòrán tí ọmọ mi fẹ́ fi jáde ilé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀, kò tíì parí, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni yóò sì fi han àwọn olùkọ́. 

A gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Yábàá. Kó tó tú u rárá, ó ti ń ka ohun tí a ó pààrọ̀: bátìrì, ojú rẹ̀, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ní, "Ẹ dúró ná, ọ̀gá. Ojú tuntun yẹn, ṣé ó máa jẹ́ kó yéé kú ni?"

"Rárá o, Mọ́mì. Á kàn mọ́lẹ̀ sí i ni."

"Ṣé òkùnkùn ló ń pa á?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ẹ ó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi o!"

Mo ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́ ìránṣọ máa ń sọ pé máṣíìnì tí wọn kò nù ni wọ́n ń pè ní ògbólógbòó. Nítorí náà, kó kọ́kọ́ tú u, kó nù ún.

Ó tú u. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ẹnu fáànù inú rẹ̀, ìdọ̀tí sì jáde ní ìdì kan bí òwú. Pupa ni! Ọmọ mi wò ó, ó wo ẹ̀wù àrán, ó wò mí. "Háà, Mọ́mì! Ẹ̀yin lẹ fún un lọ́rùn!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Láti ìgbà náà kò kú mọ́. Ó kàn ń lọ́ra láti ṣí àwòrán ńlá ni, torí náà a pààrọ̀ ibi tó ń kó iṣẹ́ pamọ́ sí, a fi SSD sí i, ìyẹn nìkan. Lọ́jọ́ tí ọmọ mi fi àwòrán rẹ̀ han àwọn olùkọ́, láti ẹnu géètì ló ti ń jó wọlé.

Lónìí, ó ń yàwòrán fún àwọn tó ń kọ́lé, kọ̀ǹpútà yẹn náà ló sì ń lò. Ẹ̀wù àrán mi kò ṣòfò: òun ni mo fi ń sọ ìkòkò kalẹ̀ lórí iná, ooru kì í sì í gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó ra ohunkóhun sí kọ̀ǹpútà ọmọ yín, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ nù ún, kí ẹ sì jẹ́ kó máa mí.