Rúlà Inú Àpótí Màmá Àgbà

Rúlà igi tí mo fi ń fa ìlà ní ọ́fíìsì ní Òṣogbo ṣì ń rùn káńfọ̀. Bí òórùn náà bá ti kàn mí nímú, ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Àgbà ní Ìlobù ni ọkàn mi ń lọ, lọ́sàn-án ọjọ́ tí inú bí Màmá Àgbà, tí wọ́n di ẹrù, wọ́n ní àwọn ń padà sílé baba àwọn ní Ìfọ́n.

Bàbá Àgbà, akọ̀wé ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, ò bẹ̀bẹ̀. Wọ́n tẹ́ ìwé ńlá kan tó kún fún nọ́ńbà sórí itan, wọ́n gbé rúlà lé e.

"Òṣìṣẹ́ tó bá ń lọ, a gbọ́dọ̀ ṣírò owó rẹ̀. Ọdún mélòó lo ti lò lẹ́nu iṣẹ́?"

"Ọdún méjìlélógójì nídìí ààrò yín!"

Rúlà ń sọ̀ kalẹ̀ láti ìlà dé ìlà, mo ń fi ìka tẹ̀ lé e tẹkúntẹkún, títí ìwé fi tán.

"Iye tìrẹ ò sí níbí. Ìjọba ò lè san án. Tú ẹrù rẹ."

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ìwé yẹn ni wọ́n fi ṣírò owó àwọn òyìnbó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà òmìnira, pé kò sì sí ìlà kankan nínú rẹ̀ fún akọ̀wé bíi Bàbá Àgbà tó ń fa rúlà lórí rẹ̀.

Màmá Àgbà bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n já rúlà gbà, wọ́n tì í sáàárín aṣọ inú àpótí, níbi tí káńfọ̀ wà.

"Ẹ ò ní fi ṣírò tẹlòmíràn mọ́."