Ọ̀sán Tí Ẹnjiníà Fọ Kọ̀ǹpútà Wa

Ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ajah, bí mo bá ti tú kọ̀ǹpútà tó ti gbó, tí òórùn eruku gbígbóná lu imú mi, àbúrò bàbá mi ni mo máa ń rántí. Ó ní ká máa pe òun ní Ẹnjiníà. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó fún un lóyè náà. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi jẹ ẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí mo wà ní kékeré, kọ̀ǹpútà ilé wa tún dákú, ojú rẹ̀ di búlúù. Ẹnjiníà fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń dán àgbọn wò, ó pòṣé.

"Fáírọ́ọ̀sì ni. Màá fọ gbogbo inú ẹ̀."

Màmá mi ní, "Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, fọ́tò Délé wà níbẹ̀ o."

Délé ni àbúrò mi tó kú. Kò sí fọ́tò rẹ̀ níbòmíì.

"Ìyàwó wa, ṣé ẹ fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?"

Èmi rò pé omi ló máa fi fọ̀ ọ́, mo sáré gbé báàfù wá. Ó ń jẹ ẹ̀bà wa, ó ń fi ìka tí ọbẹ̀ yí tẹ bọ́tìnì. Nígbà tó parí, kò sí Délé mọ́.

Mo ti wá mọ̀ pé mẹ́mórì nìkan ló bàjẹ́, ẹ̀yà pẹlẹbẹ kékeré tí mò ń yọ nínú kọ̀ǹpútà lójoojúmọ́ báyìí. Fọ́tò kì í gbé inú rẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ojú kọ̀ǹpútà tún di búlúù. Ẹnjiníà ní ogbó ló ń ṣe é, ó nu ẹnu, ó dìde. Màmá mi kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.